Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Mo Ti Ń Sùn Lóru

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Nígbà tí ẹsẹ̀ mi tó ṣèṣe nínú jàǹbá ọkọ̀ jinná tí ẹ wá bá mi yọ̀, ẹ rò pé ó ti parí. Kò tíì parí o. Èyí tó le jù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Egbò ti san, àmọ́ ọkọ̀ yẹn ò yéé gbókìtì lójú mi. Bí mo bá ti dijú báyìí, mo ti padà sínú rẹ̀ nìyẹn: gíláàsì ń fọ́, òórùn bẹntiróò gba imú mi kan. Kì í ṣe pé mò ń rántí rẹ̀, ó ń ṣẹlẹ̀ lákọ̀tun ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnì kan pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà lábẹ́ tábìlì, mo di orí ọmọ mi mọ́lẹ̀, ọmọ ń ké pé, "Màámi, ó ń dùn mí." Ọjọ́ yẹn lẹ̀rù ara mi bà mí.

Ni Ọlọ́run bá lo àǹtí nọ́ọ̀sì kan. Wọn ò wàásù fún mi, wọn ò ní kí n ṣọkàn gírí. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń béèrè: ṣé mò ń sá fún ọ̀nà ibẹ̀? Ṣé ariwo kékeré ń mú mi ta gìrì? Ṣé mò ń kanra mọ́ ará ilé láìnídìí? Ṣé ohun tí mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ò wù mí mọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, omijé ń dà. Wọ́n ní bí irú èyí bá ti lé lóṣù kan tí kò lọ, tí kò jẹ́ kéèyàn gbáyé bó ṣe yẹ, ó lè jẹ́ àìsàn tí wọ́n ń pè ní PTSD, ìyẹn ìdààmú ọkàn tó máa ń tẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ tó bani lẹ́rù, pé ó sì ní ìtọ́jú. Àwọn ló mú mi dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ àti ọkàn. Díẹ̀díẹ̀ ni mo sọ ìtàn náà délẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni mo padà wọ ọkọ̀. Àǹtí mi, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní mò ń ṣàṣejù, tí ẹ ní "ṣebí o ò kú", mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ní ìgbàgbọ́ mi ló kéré, Ọlọ́run kan náà ló rán nọ́ọ̀sì sí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ará ilé yín bá ń kígbe lójú oorun, tó ń yara rẹ̀ sọ́tọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọtí di oògùn oorun, ẹ má sáré sọ pé aráyé ló ń bá a jà. Àìsàn yìí lè pẹ́ tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ kó tó hàn dáadáa. Ọmọdé ńkọ́? Ó lè máa fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣeré léraléra. Ẹ má fipá mú wọn sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń sọ pé ikú yá ju ayé òun lọ, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.