Láti Móníyà dé Yábàá: gbòǹgbò, gaàrí àti wákàtí 48

Ẹni tó bá rántí bí ìlú ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2023 kò ní bi mí léèrè ìdí tí mo fi di gaàrí sínú báàgì nígbà tí mò ń lọ sí Èkó. Epo kò sí nílé epo, owó kò sí lọ́wọ́ ará ìlú. Báǹkì àpapọ̀ ní ká kó náírà àtijọ́ wá, wọ́n sún gbèdéke rẹ̀ láti ọjọ́ 31 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì, ṣùgbọ́n tuntun tó yẹ ká fi pààrọ̀ rẹ̀ kò délẹ̀. Àwọn oní-POS ń fi owó ta owó. Inú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Global Game Jam bọ́ sí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: game jam ni kí àwọn èèyàn gba àkòrí kan, kí wọ́n sì ṣe géèmù láti orí ilẹ̀ dé òkè láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan. Ludum Dare ti ń ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2002. Global Game Jam bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ní ibùdó 53 ní orílẹ̀-èdè 23. Wákàtí 48 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe tiwọn, ojúkojú ni wọ́n sì fẹ́ kí èèyàn ti ṣe é. Ojúkojú yẹn ló gbé mi kúrò n'Íbàdàn. Mo lè jókòó sí Bódìjà kí n máa kọ kóòdù, ṣùgbọ́n bí mo bá ya ewúrẹ́, àga ló máa ń jọ. Mo nílò èèyàn.

Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ ní Móníyà. Ọ̀nà kìlómítà 157 ni títí dé Ẹ̀bútè Mẹ́ta, lọ́sẹ̀ yẹn kò sì sí ọgbọ́n míì, nítorí owó mọ́tò ti lọ sókè, àwọn awakọ̀ kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tránsífà. Bàbá tó jókòó tì mí wo ojú kọ̀ǹpútà mi títí.

"Ọmọ mi, iṣẹ́ wo lò ń ṣe yìí?"

"Géèmù ni, sà. Mo fẹ́ lọ bá àwọn kan ṣe é l'Ékòó."

"Wọ́n á sanwó fún ẹ?"

"Rárá, sà."

Ó yíjú sí fèrèsé. Títí a fi kọjá Agége, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo sọ̀kalẹ̀ ní Alágoméjì, mo sì fẹsẹ̀ gba Herbert Macaulay lọ sí ìhà Sàbó níbi tí jam náà ti ń wáyé, kí n má baà ná ìwọ̀nba owó tó wà lápò. Àkòrí ọdún náà ni "Roots", ìyẹn gbòǹgbò. Bí ẹ bá wo yàrá náà, igi ni gbogbo èèyàn ń yà sórí ìwé. Àwa mẹ́ta ni wọ́n pa pọ̀: arábìnrin kan tó ń yàwòrán, bọ̀dá kan tó ń ṣe orin tó sì dàgbà jù wá lọ, àti èmi. A ń rò, kò wá. Ẹnì kan wá gbé kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ sókè, ó mì ín, ó ní, "Èyí ò lè gbé wa dé ọ̀la o." Ibẹ̀ ni géèmù wa ti wá.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Igi wà lókè, ilẹ̀ wà nísàlẹ̀, gbòǹgbò ni ẹni tó ń gbá géèmù náà ń darí. Gbogbo ìṣísẹ̀ ń jẹ omi tó kù lára igi. Bí o bá kan omi, igi á mu. Bí o bá kan òkúta, o gbọ́dọ̀ yà. Gbòǹgbò kò sì lè padà sẹ́yìn. Ọ̀nà tí kò já, o ti ná omi sí i nìyẹn.

Godot, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, la lò, nítorí ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo, kì í jẹ dátà tàbí bátìrì tán. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ètò wa ní ìpele mẹ́wàá, ọjà tí wọ́n ti ń ra ajílẹ̀, àti kòkòrò tó ń jẹ gbòǹgbò. Gbogbo ẹni tó ń lọ sí jam ló ń rò ó nínú pé tòun lè dà bíi Surgeon Simulator, géèmù tó bẹ̀rẹ̀ nínú Global Game Jam 2013 ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì di ọjà káàkiri ayé. Àlá yẹn ló ń bí ìpele mẹ́wàá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, bọ̀dá olórin dìde, ó pa ọjà rẹ́ lára pátákó. Lálẹ́, ó pa kòkòrò rẹ́. Ìpele mẹ́wàá di mẹ́ta, mẹ́ta di ẹyọ kan. Arábìnrin wa ti ya kòkòrò náà tán, ó sì dára. Inú bí i, kò bá wa jẹun. Síbẹ̀, lójú tèmi, bọ̀dá yẹn ló ṣe géèmù náà ju àwa yòókù lọ.

Oúnjẹ nìyẹn o. Mo kí ìyá ẹlẹ́wà, mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba tránsífà. "Mò ń gbà á, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ibẹ̀ yẹn ni wàá dúró sí títí fóònù mi á fi ké." Mo dúró débi pé mo ń bá wọn bu ẹ̀wà fún oníbàárà.

Gaàrí mi náà wúlò. A ń wá ìró ilẹ̀ tó ń là, la bá dà á sínú abọ́ irin, mò ń fi ṣíbí rò ó díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Jẹnẹrétọ̀ ń dún wọ inú ohùn, nítorí náà ìgbà tí wọ́n bá pa á láti ṣọ́ epo ná nìkan la ń gba ohùn sílẹ̀, nínú òkùnkùn. Bí ẹnì kan bá húkọ́, a tún un bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà a bu omi sí i, a jẹ ẹ́. Gaàrí Ìjẹ̀bú ni, ó kan dáadáa.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní ká gbé géèmù sílẹ̀ kí àwọn tó wá wòran gbá a wò. Ọmọdébìnrin kan jókòó sídìí tiwa. Kò wá omi rárá. Ó ń darí gbòǹgbò sọ́tùn-ún, sísàlẹ̀, sósì. A wò ó, a rí i pé orúkọ ara rẹ̀ ló ń kọ. Igi gbẹ kó tó parí rẹ̀. "Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ fún mi," ló wí, ó sì tún fi lẹ́tà tó kéré jù ti àkọ́kọ́ kọ ọ́ kí omi lè tó.

Bọ̀dá olórin ní, "Èyí mà dára ju tiwa lọ." Àsìkò ti tán, a fi tiwa ránṣẹ́ bó ṣe wà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, n'Íbàdàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti ọmọ yẹn: omi díẹ̀, kò sí òkúta, orúkọ rẹ ni kí o kọ tán kí igi tó gbẹ. Arábìnrin ayàwòrán ló ń ya ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ti ní dandan, kòkòrò òun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.