Ọwọ́ Ìṣẹ́jú Àáyá

Alẹ́ Sátidé

Aago ọwọ́ náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó wà níwájú mi lórí aṣọ funfun tí mo tẹ́ sórí tábìlì, mo sì ń gbọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ èyí. Láti Ọjọ́rú ni mo ti ń tò ó lálaalẹ́.

Ẹ́ńjìnnì tí mo lò ni NH35 tí Seiko ń ṣe. Kò lo bátìrì. Irin wúwo kan tó rí bí ìlàjì òṣùpá ló ń yí lẹ́yìn rẹ̀ bí ọwọ́ ẹni bá ti ń mì, òun ló sì ń ká sípíríǹgì. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ kan tó ní apá méjì. Bí apá kan bá ń ti jíà, èkejì á máa fà á, nítorí náà ibi yòówù kí irin wúwo yẹn yí sí, sípíríǹgì á ṣáà máa ká ni. Láti ọdún 1959 ni Seiko ti ń lo ọgbọ́n yìí.

Ojú aago kò fún mi ní wàhálà. Ọ̀pá tí a fi ń yí aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo fi sùúrù ṣe, torí gígùn ló máa ń wá, èèyàn ló máa gé e kó bá ilé aago mu. Bó bá gùn jù, o lè tún un gé. Bó bá kúrú jù, ó parí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo gé e.

Kí n tó fi ọwọ́ aago sí i, mo yí i títí nọ́ńbà ọjọ́ fi yí padà. Ibi tó ti yí padà gan-an ni ọ̀gànjọ́ òru, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ wákàtí àti ti ìṣẹ́jú ti gbọ́dọ̀ jọ nà sí méjìlá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀sán gangan ni ọjọ́ á máa yí.

Ó wá ku ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ìpéǹpéjú, ihò ìdí rẹ̀ kò sì ju ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà lọ. Lánàá, mo fi ẹ̀mú gbé e, mo dá èémí dúró, ó ta nù. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wá gbogbo ilẹ̀. Etí aṣọ mi ló wà. Mo tún un gbé, ó jókòó, mo tẹ̀ ẹ́, aago bẹ̀rẹ̀. Mo pariwo ayọ̀. Kò pé wákàtí kan, ó dúró.

Mo gbé e sókè, mo wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá ti fara kan ti ìṣẹ́jú níbi tó ti fẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Mo ti tẹ̀ ẹ́ jù. Mo paná, mo lọ sùn, torí ọwọ́ tó ti rẹ̀ kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Lónìí, mo yọ ọwọ́ náà, ẹ́ńjìnnì tún bẹ̀rẹ̀. Kí n tó dá a padà, mo dojú ẹ́ńjìnnì dé, mo fi awò wo kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 21,600 ní wákàtí kan. Sípíríǹgì bí irun wà láàárín rẹ̀, ó ń ṣí, ó ń pa, bí àyà ọmọ tó ń sùn. Christiaan Huygens, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ló fi irú rẹ̀ han ayé ní 1675. Sípíríǹgì ńlá tí a ká fẹ́ tú gbogbo agbára rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀ kékeré méjì ló ń dá a dúró, tó ń yọ̀ǹda rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń wọ aago, n kò mọ̀ pé ìdádúró yẹn ni mò ń gbọ́ bó bá ń dún.

Mo dá ọwọ́ náà padà, mo sì tún un tẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí títí ìmọ́lẹ̀ fi hàn díẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún ṣí ilé aago nítorí eruku abẹ́ dígí. N kò kánjú.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago méjìlá lù. Eteetí 15 ti ń yọ níbi tí 14 wà. Mi ò tíì fẹ́ sùn.