Kílò 7 láti Àkúrẹ́ dé ìlú òtútù

Òwú ló ń mú kí ẹrù ẹni tó ń lọ sí ìlú òtútù wúwo, kì í ṣe aṣọ òtútù. Ẹ wo àpótí ẹni tó fẹ́ gba Àkúrẹ́ lọ sí London tàbí Toronto nínú oṣù January: kóòtù ńlá kan, jíìnsì mẹ́ta, súwẹ́tà òwú méjì, ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, bàtà mẹ́ta, agbádá aṣọ òkè tí wọn yóò wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àpótí kún, ó ti lé ní kílò 20, òtútù á sì tún mú olúwarẹ̀ débi tí eyín á fi máa lu ara wọn. Báàgì àgbéwọlé oníkílò 7 kan ṣoṣo tó, bí ẹ bá mọ aṣọ tí ẹ ó kó.

Aṣọ kò ní iná nínú. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ àti ara, tí kò ráyè jáde, ni ara ń mú gbóná, òun ló sì ń ṣọ́ ooru náà fún wa. Òwú máa ń fa omi mu. Bí ẹ bá rìn kíákíá tí òógùn díẹ̀ bọ́, òwú á mu ún, omi á gba ibi tí afẹ́fẹ́ wà, omi sì ń jí ooru kó kúrò lára ju afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì. Jíìnsì, ankara, àdìrẹ àti síńgílẹ́ẹ̀tì tí a ń wọ̀ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, òwú ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n tó fún ọyẹ́ tiwa, nítorí ọyẹ́ gbẹ, oòrùn sì máa ń yọ kí ó tó di ọ̀sán. London nínú January sábà máa ń wà láàárín dígírì 2 sí 8, tòun ti òjò. Winnipeg ní Kánádà lè bọ́ sí dígírì 30 sísàlẹ̀ òdo.

Ìpele mẹ́ta ni kí ẹ fi aṣọ ṣe. Èyí tó kan ara, ìyẹn aṣọ àkànmọ́ra, gbọ́dọ̀ fún mọ́ra, kí ó gùn dé ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀, kí ó jẹ́ irun àgùntàn merino (irú àgùntàn kan tí irun rẹ̀ rọ̀) tàbí pólísítà. Méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ó tó. Ìkọ̀ọ̀kan wọn kì í sábà ju gíráàmù 200 lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e ni fleece, aṣọ onírun rírọ̀ yẹn, bíi gíráàmù 350. Èyí tó wà lóde ni jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ki ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ sí, tí afẹ́fẹ́ kò lè gba inú rẹ̀ kọjá, bíi gíráàmù 500. Ẹ fi rénkóòtù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kún un, torí bí omi bá rin ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ, ńṣe ló máa lẹ̀ pọ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ tí òjò pa, kò sì ní lè gbóná mọ́. Mẹ́ta yìí pa pọ̀ kò wúwo tó kóòtù ńlá onírun àgùntàn kan, tó máa ń tó kílò 2. Ẹni tó ń lọ sí Winnipeg nìkan ni mo gbà pé ó nílò jákẹ́ẹ̀tì tó dé orúnkún, kí ó sì wọ̀ ọ́, kó má dì í sínú báàgì.

Kò pọn dandan kí ẹ ra wọn ní tuntun. Lọ́dọ̀ àwọn olókìríkà ní Ọjà Ọba, àwọn jákẹ́ẹ̀tì tó dára máa ń wà lábẹ́ òkìtì, nítorí ọ̀pọ̀ ará Àkúrẹ́ kò nílò wọn. Ẹ ka àmì tó wà nínú ọrùn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́: bí ó bá jẹ́ “cotton”, ìyẹn òwú, ló pọ̀ jù, ẹ dá a padà. Bí ó bá jẹ́ “down”, ìyẹn ìyẹ́, ẹ fún un mọ́wọ́ dáadáa, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Ó yẹ kó wú padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ń kan kókó kókó nínú rẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́ ní ìfọ̀kufọ̀, ìyẹ́ ti dì pọ̀. Ẹ fi ẹnu mọ́ aṣọ náà kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i: bí atẹ́gùn bá là á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, afẹ́fẹ́ òtútù náà á là á kọjá. Ẹ fa sípì rẹ̀ lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹta.

Àmì míì ti ya, àwọn míì sì ń pe ohun tí kì í ṣe irun àgùntàn ní irun àgùntàn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ra aṣọ náà tán, ẹ fa fọ́nrán kan yọ lára aṣọ náà gan-an nínú ojú rírán, kì í ṣe okùn tí wọ́n fi rán an, kí ẹ fi iná sí i. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́. Pólísítà á yọ́, á di kókó líle. Òwú á rùn bíi bébà. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n nílé ju kí ẹ mọ̀ ọ́n ní Edinburgh lọ.

Ẹ fọ jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ́ náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọṣẹ díẹ̀, omi púpọ̀, ẹ má lọ́ ọ bí aṣọ ìnura. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ tú ìyẹ́ inú rẹ̀ ká títí yóò fi gbẹ dé inú. Ó lè gba ọjọ́ méjì. Èyí tí a bá dì nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù á bu.

Ní ti ìwọ̀n, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa ń gba kílò 7 sí 10 fún báàgì tí a ń gbé wọlé, ohun tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín sì ni ẹ ó tẹ̀ lé. Báàgì onítáyà lófìfo lè tó kílò 3. Báàgì ẹ̀yìn tó dára kò ju kílò 1 lọ, òun ni mo fara mọ́. Ẹ wá ṣe ìṣirò: aṣọ àkànmọ́ra mẹ́rin, gíráàmù 760, ṣòkòtò pólísítà kan, 350, ṣẹ́ẹ̀tì méjì, 400, pátá mẹ́rin, 280, ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn mẹ́ta, 240, fìlà, ìbọ̀wọ́ àti ìborùn, 300, ohun ìwẹ̀, 600, páwà báǹkì àti ṣájà, 600, ìwé, 300, sílípáàsì, 200. Bíi kílò 4 nìyẹn, pẹ̀lú báàgì ó di 5. Kílò 2 tó kù gba bùbá àti ṣòkòtò ankara kan fún òde, ó sì tún ṣẹ́ kù. Agbádá aṣọ òkè ló máa ba ìṣirò yìí jẹ́.

Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n, ẹni tó ń ra kòkó ládùúgbò ní èyí tí wọ́n ń so rọ̀. Ẹ gbé báàgì náà lọ kọ́ sí i. Ọ̀rá tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí ẹrù lè fún pọ̀ kò lè tan òṣùwọ̀n jẹ: ó ń dín ààyè kù, kò dín ìwọ̀n kù rárá. Òun gan-an ló ń tan ènìyàn láti kó àkójù.

Bàtà búùtù, ṣòkòtò tó nípọn jù àti fleece, ẹ wọ̀ wọ́n wọ bàálù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wọ̀ wọ́n láti Àkúrẹ́! Ẹni tó bá wọ aṣọ àkànmọ́ra nínú mọ́tò gba Ọ̀rẹ̀ lọ sí Èkó á fi òógùn rin wọ́n, á sì gbé aṣọ tútù wọ inú bàálù tí ẹ́síì rẹ̀ ń fẹ́ fún wákàtí mẹ́fà. Ẹ kó wọn sínú ọ̀rá, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ ní pápákọ̀ òfurufú Èkó. Jákẹ́ẹ̀tì á wà lápá, ìbọ̀wọ́ àti fìlà nínú àpò rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ bá bàálù láti Àkúrẹ́ lọ sí Èkó, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì dá yàtọ̀ sí ti òkè òkun, ìwọ̀n tó kéré jù nínú méjèèjì ni kí ẹ fi di ẹrù.

Ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ni kí ẹ wọ̀ nígbà tí ẹ bá ń dán búùtù wò. Bí ó bá fún, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè dé ọmọ ìka, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò sì ní lè tún un ṣe. Ẹ fi rìn nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó lọ. Fìlà abetí-ajá bo etí lóòótọ́, ó sì wúlò ní London, àmọ́ bí ó bá ti kọjá òdo lọ sísàlẹ̀, fìlà onírun àgùntàn ni kí ẹ fi sí abẹ́ rẹ̀.

Òrí, Vaseline, àdín àgbọn àti ọṣẹ dúdú tó rọ̀, omi ni wọ́n kà wọ́n sí níbi àyẹ̀wò. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú, ọkọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju mílílítà 100 lọ, kí gbogbo wọn sì wọ inú ọ̀rá kan tó mọ́ gaara, tó gba lítà 1. Ẹ má fi òrí sílẹ̀ o: afẹ́fẹ́ inú ilé tí wọ́n fi ẹ̀rọ mú gbóná máa ń mú ètè gbẹ bí ọyẹ́. Ẹ fi pa ara kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán.

Páwà báǹkì gbọ́dọ̀ bá yín wọlé, kò gbọ́dọ̀ sí nínú ẹrù abẹ́ bàálù. 100Wh (ìwọ̀n agbára iná tó wà nínú rẹ̀) ni ó gbọ́dọ̀ mọ láìgba àṣẹ. Ẹ sọ nọ́ńbà mAh tí wọ́n kọ sára rẹ̀ di púpọ̀ ní ìlọ́po 3.7, kí ẹ pín in sí 1,000: 20,000mAh jẹ́ 74Wh. Òtútù máa ń tètè pa bátìrì fóònù, nítorí náà àpò inú ni kó wà.

Oúnjẹ ńkọ́? Gàrí kílò 1 wúwo tó fleece mẹ́ta. Ṣúyà, kìlíṣí, pọ̀nmọ́ àti wàrà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gbà wọ́n láti Nàìjíríà, wọ́n á gbà wọ́n lọ́wọ́ yín ni.

Aṣọ àkànmọ́ra méjì tó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí ẹ bá ń fọ ọ̀kan lálaalẹ́. Ẹ fún un díẹ̀, ẹ ká a mọ́ inú aṣọ ìnura gbígbẹ, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí aṣọ ìnura mu omi rẹ̀, kí ẹ wá sá a sórí àga. Ẹ má sá irun àgùntàn sórí ẹ̀rọ amúlégbóná fúnra rẹ̀, ó máa ń sún kì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gbẹ.