Mo fo gbogbo ibi tí ọkọ ti ń sọ tẹnu ẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Aṣọ ni mo ń rán ní Ọ̀kẹ̀ṣà níbí ní Iléṣà, tí NEPA bá ti múná lọ báyìí, ìwé ni mo máa ń fà yọ. Oṣù tó kọjá mo ra Stay With Me tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ, ọdún 2017 ló jáde, torí wọ́n ní Iléṣà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni o, àmọ́ àwa gan-an ló wà nínú ẹ̀, títí kan ìtàn Olúrónbí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ò da. Àdúgbò ni mo ń wá kiri inú ìwé bí àlejò tó ń wá ilé àna, "ibo wá nìyí, ṣé ìsàlẹ̀ ibí ni," mo ka bí ogún ojú ìwé, mi ò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo bá padà síbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Yéjídé tó wọ̀ mí lára, obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù onírun, tó ń wá ọmọ, tí wọ́n fẹ́ ìyàwó kejì lé lórí, débi pé ó gun òkè lọ, ó gbé ewúrẹ́ sáyà bí ọmọ tuntun. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kò pẹ́ tómi fi ń bọ́ lójú mi.

Inú wá bí mi sí Akin ọkọ ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń sọ ìtàn yẹn, bí ìyàwó bá sọ díẹ̀ ọkọ á gbà á, bí mo bá ti rí i pé Akin ló kàn, mo ti fò ó nìyẹn, ṣé ẹjọ́ wo ló fẹ́ rò fún mi! Bí mo ṣe ń bá àbúrò mi jiyàn lórí ẹ̀ lójú yẹn ló ní, "Àǹtí mi, ṣé ìwé kan náà la jọ kà ṣá?" Ojú tì mí. Mo padà lọ ka ti Akin tán. Mi ò dá a láre o, àmọ́ mo rí ohun tí ìtìjú lè sún ọkùnrin dé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni mí.

Irú ẹ̀ náà ni mo ṣe sí Ó Le Kú. Fíìmù Túndé Kèlání ti 1997 ni mo kọ́kọ́ wò, mo ti gbè sẹ́yìn Àṣàkẹ́, ọ̀kan nínú obìnrin mẹ́ta tí Àjàní ń fẹ́, kí n tó ṣí ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, Lọlá àti Ṣadé ò rí àyè lọ́dọ̀ mi rárá. Ẹ ka ìwé kẹ́ ẹ tó wo fíìmù, ẹ jọ̀ọ́.

Ti Fágúnwà ńkọ́? Ẹ má panu mọ́ kà á. Ẹ kà á sókè.

Mo fẹ́ tún Stay With Me kà báyìí, àmọ́ oníbàárà kan ti yá a lọ, ó ní Akin ò dáa rárá, mo sì bi í pé ojú ìwé mélòó ló kà.