A ti sanwó tán ká tó wá béèrè

Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ dáadáa ní ṣọ́ọ̀ṣì níbí l'Ákùrẹ́, pàápàá tí ìpàdé àdúrà bá ti parí tí àwọn èèyàn ń yọ́ lọ bá pásítọ̀ ní kọ̀rọ̀: "Dádì, ẹ bá mi gbé e síwájú Ọlọ́run, mo fẹ́ mọ ohun tí Ó wí sí i." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rọra wádìí díẹ̀, ẹ máa rí i pé ẹni yẹn ti ta ilẹ̀ bàbá ẹ̀ tó wà lọ́nà Ìdànrè, ó ti sanwó fún éjẹ́ǹtì, físà ti jáde, ìyàwó ẹ̀ ti ń pín ìkòkò àti ọlọ fún àwọn ará àdúgbò, kò sóhun tó kù mọ́ ju kí Ọlọ́run wá bá wọn lu sítáǹpù sí i. Ṣé ìyẹn náà la wá ń pè ní bíbéèrè?

Òwe orí 3 ẹsẹ 5, àtikékeré la ti há a sórí: "Fi gbogbo àyà rẹ gbẹ́kẹ̀lé Olúwa; má sì ṣe tẹ̀ sí ìmọ̀ ara rẹ." Ó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó wà lára kàlẹ́ńdà ìgbéyàwó, ó wà lórí sítétọ́ọ̀sì. Kò sì ní ká má lo ọpọlọ o, torí àwọn kan máa ń gbé e gba ibẹ̀ yẹn, ara ọmọ á máa gbóná fòò wọ́n á ní àwọn ń gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa, wọn ò ní gbé e lọ ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ lọ ọsibítù. Ẹni tó fún wa lọ́pọlọ náà ló ní ká má fi í ṣe ọ̀gá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi jù ni Jeremáyà orí 42 àti 43. Bábílónì ti kó Jerúsálẹ́mù tán, wọ́n fi Gẹdaláyà ṣe olórí àwọn tó ṣẹ́ kù, Íṣímáẹ́lì kan (kì í ṣe ọmọ Ábúráhámù o) wá lọ pa Gẹdaláyà, jìnnìjìnnì wá bo gbogbo ìlú pé tí ọba Bábílónì bá gbọ́, àwọn gbé. Jòhánánì ọmọ Káréà wá kó wọn lẹ́yìn, wọ́n lọ dúró sí tòsí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Íjíbítì ni wọ́n sì kọjú sí. Àní wọ́n ti wà lójú ọ̀nà! Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá ń bẹ Jeremáyà pé bàbá, ẹ dákun, ẹ bá wa bi Olúwa léèrè ọ̀nà tó yẹ ká gbà, ì báà jẹ́ rere ì báà jẹ́ ibi a máa ṣe é, wọ́n tún fi Ọlọ́run búra lé e.

Ọjọ́ 10 ni Jeremáyà fi dúró kí èsì tó wá. Jeremáyà o! Àwọn wòlíì orí fóònù tiwa ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ pé wọ́n ti rí i. Èsì yẹn wá dé: ẹ dúró nílẹ̀ yìí, Èmi á gbé yín ró, ẹ má bẹ̀rù ọba Bábílónì, tẹ́ ẹ bá sì lọ Íjíbítì, idà tẹ́ ẹ̀ ń sá fún á bá yín níbẹ̀. Kí ni wọ́n fi dá bàbá lóhùn? Wọ́n ní irọ́ ló ń pa, pé Bárúkù akọ̀wé ẹ̀ ló ń tì í. Wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́ wọ́n lọ, èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé wọ́n gbé Jeremáyà fúnra ẹ̀ dání, wòlíì tó ní kí wọ́n má lọ ni wọ́n gbé lọ sí Tápánésì n'Íjíbítì. Ká ní ayé ìsìnyí ni, wọn ì bá ti bá a ya fọ́tò ní Murtala kí wọ́n tó wọ bàálù.

Kẹ́nì kan má wá sọ pé mo ní kéèyàn má jápa o. Íjíbítì kan náà yẹn, ẹ wo ilé Ábúráhámù. Ìyàn mú, Ábúráhámù gba Íjíbítì lọ láìjẹ́ pé a rí i kà pé ó bi Ọlọ́run, díẹ̀ ló kù kó pàdánù Sárà sọ́wọ́ Fáráò. Ìyàn tún mú láyé Ísáákì, Ọlọ́run ní má sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀, dúró síbí, Jẹ́nẹ́sísì 26. Ó dórí Jákọ́bù, ìyàn náà ni, Ọlọ́run kan náà ní má bẹ̀rù, máa lọ, orí 46. Baba sí ọmọ sí ọmọ-ọmọ, ìdáhùn ò bára mu, torí náà ẹni tó ní "ẹ̀gbọ́n mi lọ Kánádà ó sì ti là, èmi náà ń lọ", ó ku ọ̀rọ̀ o.

Àwọn oníkòkó wa náà mọ̀ ọ́n. Ní 2024 nígbà tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 lọ́jà àgbáyé, gbogbo èèyàn ló fẹ́ ra oko kòkó, àwọn míì yáwó. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ "ẹ ní sùúrù". Ní 2025 ó já wálẹ̀ wìì, àwọn tó ra ọjà pa mọ́ wá ń lọgun. Dáfídì ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ náà, 2 Sámúẹ́lì orí 5: ó bá àwọn Fílístínì jà ní àfonífojì Réfáímù, Ọlọ́run ní gòkè lọ, ó lọ ó sì borí. Ọ̀tá kan náà tún padà wá sí àfonífojì kan náà. Ká ní èmi ni, mi ò ní béèrè mọ́, ṣebí mo ti mọ ọ̀nà. Dáfídì tún béèrè! Èsì wá yàtọ̀: má gòkè lọ, yí gba ẹ̀yìn wọn.

Àwa lápá ibí, ọ̀nà Akúrẹ́ sí Iléṣà tá à ń gbà lójoojúmọ́ yìí ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó wá di wòlíì ìjọ CAC, ti ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ títì ní 1928, lágbègbè Ìkejì-Arákeji tí yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ wà báyìí. Ẹ̀rọ dá iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ọgbọ́n tó mọ̀ kò ràn án, ibẹ̀ ni wọ́n ní ó ti gbóhùn tó ń pe orúkọ ẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni o, owó oṣù ń wọlé, ó fi í sílẹ̀. Ní 1930 ìsọjí Òkè-Oòyè n'Iléṣà bẹ́ sílẹ̀ láti ọwọ́ ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wa ni ẹ̀rọ máa kọ̀ fún lójú títì ṣá.

Ẹ máa wá bi mí pé báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ̀. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó san àsansílẹ̀ kọ́bọ̀, nígbà tí "rárá" ò tíì ná yín ní nǹkan kan. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tí ìdáhùn ẹ̀ máa ń yá jù. Nátánì gan-an, wòlíì gidi, ó ní kí Dáfídì lọ ṣe gbogbo ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ lórí ilé Ọlọ́run, àfi bí Ọlọ́run ṣe bá a sọ̀rọ̀ lóru ọjọ́ náà, ó sì padà lọ bá ọba pé kì í ṣe ìwọ lo máa kọ́ ọ. Pásítọ̀ tó lè padà wá bá yín lọ́jọ́ kejì pé "ohun tí mo sọ lánàá yẹn, mi ò tíì béèrè kí n tó sọ ọ́", tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ l'Ákùrẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀.