Rabuka: ẹja tí oyún rẹ̀ lè tó ọdún mẹ́ta àbọ̀

Yui ni mò ń gbé, ní Shizuoka, nílẹ̀ Jàpáánù, létí omi Suruga. Òkun ló ya wọ ilẹ̀ níbẹ̀, jíjìn rẹ̀ sì tó nǹkan bí 2,500 mítà. Òru ni wọ́n ń pa edé tí wọ́n ń pè ní sakura-ebi, nígbà ìrúwé àti nígbà ìwọ́wé. Ní ìdájí ọjọ́ kan, bàbá apẹja tí ilé wa kọjú síra pè mí pé kí n wá wo ohun tó bá edé wọ àwọ̀n àwọn.

Mo kọ́kọ́ rò pé ejò ni. Ó gùn ju mítà kan lọ, ó dúdú bí kọfí, orí rẹ̀ sì rí pẹlẹbẹ. Bàbá ní rabuka ni, pé àkurákudà ni. Ẹnu mi ò gbà á. Àkurákudà tí mo mọ̀, abẹ́ imú lẹnu wọn wà, lílà márùn-ún ni wọ́n sì fi ń mí. Ti èyí, iwájú gan-an lẹnu wà, lílà rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, etí wọn rí wọ́jọwọ́jọ, èyí àkọ́kọ́ sì gba abẹ́ ọ̀fun kọjá sí ìhà kejì.

Bàbá fi igi la ẹnu rẹ̀. Eyín funfun bí 300, tò ní ìlà ìlà; ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ṣóńṣó mẹ́ta, gbogbo wọn sì kọjú sí ọ̀fun. Skúìdì, ẹran omi rírọ̀ tó ní ọwọ́ púpọ̀, ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀ níbí. Skúìdì tó bá kó sẹ́nu yẹn, inú ló ń lọ.

Samuel Garman, ará Amẹ́ríkà, ló fún un ní orúkọ sáyẹ́ǹsì ní 1884: Chlamydoselachus anguineus. Wọ́n ti rí i ní Norway, Pọ́túgà, New Zealand àti Chile, ṣùgbọ́n ibi kọ̀ọ̀kan ló wà, kò kárí òkun. Áfíríkà náà ní tirẹ̀. Ní 2009 ni wọ́n ya àwọn ti Àǹgólà sí Nàmíbíà sọ́tọ̀, wọ́n pè wọ́n ní africana. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á.

Oyún rẹ̀ gan-an ló jẹ́ kí n kọ èyí. Kì í yé ẹyin sómi. Inú ìyá ni ẹyin ti ń pa, pupa ẹyin lọmọ sì ń jẹ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Suruga rí i pé ọmọ inú rẹ̀ ń gùn sí i ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.4 lóṣù, wọn ò sì ń bí i títí yóò fi tó 40 sí 60. Wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n ní oyún náà lè tó ọdún mẹ́ta àbọ̀. Oṣù 22 ni ti erin! Ká ní ọjọ́ tí mo gúnlẹ̀ síbí ni rabuka kan lóyún, mo ti ń bá àwọn ọlọ́jà sọ̀rọ̀ lédè Jàpáánù kó tó bímọ. Ọmọ bíi mẹ́fà ló sì máa ń bí.

Ní oṣù kìíní 2007, wọ́n rí ọ̀kan láàyè nítòsí etíkun níbí, wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ẹran omi Awashima. Láàárín wákàtí mélòó kan, ó kú.

Rabuka ti Bàbá ti kú kí n tó dé. Mo bi wọ́n pé akọ ni àbí abo. Wọ́n yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n wo ìdí lẹbẹ rẹ̀, wọ́n ní abo ni. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Ó tutù, ó sì kún.