Ohun tí ojú mi rí ni kí n sọ

Ẹnu ara mi ni mo fi ba ẹjọ́ mi jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a dé kóòtù ìbílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Adájọ́ béèrè ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí ọmọ wa máa gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Mo dìde, mo ní, "Olúwa mi, wèrè ni."

Adájọ́ gbójú sókè. "Ìyá ọmọ, ṣé dókítà ni yín?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìyá ọkọ mi àtijọ́ tó jókòó lẹ́yìn bú sẹ́kún. Nígbà tí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, ó bá mi níta. "Ìyàwó mi, wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Èmi ni mo bí i."

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé bàbá ló lọ́mọ, mo sì rò pé òkò tó tóbi jù ni kí n jù, kí wọ́n má baà gba ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ mi. Ohun tí mò ń rí kì í kúkú ṣe irọ́. Bàbá tó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ lọ aṣọ iléèwé ọmọ ti yí padà. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, agogo mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni tíṣà pè mí pé ọmọ ṣì wà ní kíláàsì. Mo bá a lórí bẹ́ńṣì, ó gbé báàgì kọ́rùn, kúlà oúnjẹ rẹ̀ wà lórí itan, kò tíì ṣí i. Ó ní dádì ní àwọn jọ máa jẹ ẹ́ ni. Lójú ọ̀nà ló sọ fún mi pé dádì kì í sùn mọ́, ó máa ń bá ògiri pálọ̀ sọ̀rọ̀ lóru.

Èyí gan-an ló yẹ kí n sọ fún adájọ́.

Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ, àgbà obìnrin, ló là mí lójú. Ó ní, "Ọmọ mi, wọn ò gbé àìsàn wá sí kóòtù. Kí ló ṣe ọmọ? Ọjọ́ wo? Ta ló tún rí i?" Ó ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003, tí Èkìtì náà ti sọ di tirẹ̀, ire ọmọ ló fi ṣáájú, kì í ṣe ìjà bàbá àti ìyá. Mo ra ìwé kékeré kan, mò ń kọ ọjọ́, aago, àti ẹni tó wà níbẹ̀. Mi ò kọ orúkọ àrùn kankan. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn, kóòtù lè ní kí bàbá ọmọ lọ rí dókítà. Mi ò sì rán ọmọ ní iṣẹ́ amí. Ohun tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ nìkan ni mo kọ. (Tó bá jẹ́ pé bàbá tàbí ìyá ń halẹ̀ pé òun á pa ara òun tàbí ọmọ, ẹ má dúró kọ ìwé o. Ẹ gbé ọmọ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì lọ sọ fún ọlọ́pàá àti wẹ́fíà.)

Ohun tó dùn mí jù ni ti ọmọ fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, tí ìgbéyàwó bá dé, wọ́n á wádìí ìdílé, wọ́n á béèrè bóyá wèrè wà ńbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí bàbá rẹ̀ lójú èrò, òun ni yóò san gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. Òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè gan-an, Nàìjíríà ti fi òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023 rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé kóòtù, mo tọrọ àforíjì kí n tó ka ìwé mi. Mo ní mi ò fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ pátápátá. Kí ó lọ rí dókítà, kí ó sì máa rí ọmọ lójú Màmá, ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀. Mi ò tíì jókòó tí Màmá fi dìde: "Òótọ́ ló sọ. Èmi náà ti rí i." Màmá fúnra wọn ló mú bàbá ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó-Èkìtì.

Ọ̀dọ̀ mi lọmọ ń gbé. Ní àràárọ̀ Sátidé, kí n tó gbé e lọ sílé ìyá àgbà, mo máa ń fi ṣíbí méjì sínú kúlà rẹ̀.